Fílítà tí Bàbá Ń Fi Ọ́ìlì Pa

Bàbá ọkọ mi kò wakọ̀ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ wa tó o. Ọkọ mi ló rà á, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa ní Ogbooro nígbà tó lọ ń ṣòwò ní Páràkú, nítorí ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ náà fínra. Bí ìrora bá gbé e dé, kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tàbí oògùn kẹ́mísìtì ṣe. Ọsibítù tó lè fún un lẹ́jẹ̀ wà ní Ṣakí, àfi kí a tètè gbé e débẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ náà wà fún nìyẹn. Iṣu àti àgbàdo tí mo ń fi kó lọ sọ́jà, èlé ni.

Kí ẹsẹ̀ tó dá Bàbá dúró nílé, máṣíìnì ló ń gùn lọ sóko. Ó fi kó iṣu fún ọdún gbọọrọ lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé eruku pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo ẹni tó ń gun máṣíìnì lápá ọ̀dọ̀ wa ló mọ̀ pé fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún un, ọ́ìlì ni a ń fi rin ín, kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó má baà wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ ńlẹ̀, máṣíìnì rẹ̀ á ti máa wúkọ́. Òótọ́ ni, Bàbá kò purọ́. Nítorí náà, ní gbogbo Jímọ̀, bó bá ti ti mọ́ṣáláṣí dé, á bọ́ agbádá rẹ̀ kọ́, á ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á yọ fílítà ọkọ̀, á gbọ̀n ọ́n, á da ọ́ìlì sí àtẹ́lẹwọ́, á sì máa fi pa á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun.

"Bisimilahi," ni yóò wí, "ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ mi, eruku ò ní í wọ̀ ọ́ nínú."

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ẹ kúkú lé tìróò fún un." Inú rẹ̀ á dùn, á rẹ́rìn-ín títí. Oko ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn, n kò sì rí ìdí tí mo fi máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí mo bá dúró lójú kan, á máa gbọ̀n, á máa rùn bẹntiróòlù, á sì kú. Bí mo bá dójú òkè, kí n tẹná mọ́ ọn títí, kò lágbára kankan. Á kàn máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Àwọn mẹkáníìkì wa pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ ohun tó ń fa epo, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Aládùúgbò kan ní kí n lọ wádìí ẹni tó fojú burúkú wo ọkọ̀ náà. Mo ní òun gan-an ni mo máa kọ́kọ́ wádìí. Bàbá ní tirẹ̀ wò ó, ó ní eruku ni. Ó fi kún ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣàìsàn tó, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń pa á tó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú ganrínganrín, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ mi." Mo mọ ohùn yẹn. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, Bàbá gbé orí rẹ̀ lé itan, a kọjú sí Ṣakí. Ó ń ké títí a fi dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, kò jìnnà sílùú mọ́, níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti kú. Mo ṣíná sí i, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Mo tún ṣíná sí i, kò rìn mọ́. Lójijì ni ọmọ dákẹ́. Ẹkún rẹ̀ ti ń bà mí nínú jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo dá ọlọ́kadà kan dúró, mo fi ọmọ sáàárín èmi àti òun, mo fi Bàbá sílẹ̀ ti ọkọ̀ nínú oòrùn.

Wọ́n fún un lẹ́jẹ̀, ó là á já. Ṣùgbọ́n dókítà wò mí, ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ má jẹ́ kó tún rí báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́, oorun kò sì kùn mí. Mo mọ̀ dájú pé ìrora yẹn á tún padà wá, n kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ á gbé wa gòkè.

Bí wọ́n ṣe dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, tí Bàbá ti wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé, mo ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan ní Ṣakí, àwọn tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Ó ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ bọ ọkọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó yọ ọ́.

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Kò dárúkọ ẹnì kan. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe wòlíì, Ìyá."

Ó ní kí n ṣíná sí ọkọ̀. Ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Rìwáyà na ọwọ́ sí ohun kékeré kan lára ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ibi fílítà lọ sí ẹ́ńjìnì, ó sì yọ wáyà rẹ̀. Ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ó ń dún geere. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní ó ti tún un ṣe.

"N ò tíì tún nǹkan kan ṣe o. Ó yẹ kó burú sí i ni. Bí ẹlẹ́rìí bá kúrò ní kóòtù tí ẹjọ́ wá tọ́, irọ́ ló ń pa tẹ́lẹ̀."

Ó ṣàlàyé fún mi. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Òun ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tó ń sọ fún bíréènì ọkọ̀ bí epo tó máa bù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Bó bá purọ́, epo á pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò sì ní tó lójú òkè. Ó tú u jáde, ó fi hàn mí. Wáyà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ọ̀rá àti eruku ti dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan fílítà, ó fi ìka pa ìka.

"Ta ló ń fi ọ́ìlì pa èyí? Ti máṣíìnì ni wọ́n ń ṣe báyìí sí. Ti ọkọ̀ yín, pépà ni. Ẹ́ńjìnì ń fa ọ́ìlì yẹn, ó ń dà á sórí wáyà yìí."

Mo jókòó sórí táyà kan níbẹ̀. Ó fi nǹkan fín sẹ́ńsọ̀ náà, ó sàn díẹ̀, kò jọ ọ́ lójú, ló bá wá tòkunbọ̀ mìíràn fi sí i pẹ̀lú fílítà tuntun. Ọkọ̀ gun òkè yẹn bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Inú mi ì bá dùn. Jímọ̀ ló ń bọ̀ yìí.

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi yanjú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, rìwáyà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i mọ́."

"Ará Ṣakí ló wá mọ eruku Ogbooro jù mí lọ?" Agolo ọ́ìlì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo wá ọ̀rọ̀ rere náà títí, n kò rí i. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ọ́ìlì yẹn náà ni." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́, pépà, ti máṣíìnì àti ti ọkọ̀. Ó gbọ́ mi dópin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ọjọ́ tí ọmọ dákẹ́ lójú òkè, ọ́ìlì mi ni?"

Mo wolẹ̀. Ó ní, "Ó ti yé mi," ó sì gbé agolo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà kó má baà kọjá lára ọkọ̀. Ó dùn mí wọra. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní kò sẹ́ni tó bínú sí i. Ó ní òun mọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán nígbà tí ìrora tún dé, láàárọ̀. Mo gbé ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá dúró lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín." Ọmọ na ọwọ́ sí i, ó ń ké, "Bàbá Àgbà! Bàbá Àgbà!" Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Bàbá wọnú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹná. Ọkọ̀ kò gbọ̀n, kò kú, a gun òkè, a wọ Ṣakí. Mo gbé ọmọ wọlé fún wọn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ tètè dé lọ́tẹ̀ yìí."

Mo sáré jáde láti lọ sọ fún Bàbá. Ó ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, òógùn bò ó, ó káwọ́ méjèèjì sínú apá agbádá rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní a tètè dé! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó."

"Alihamudulilahi. Bá mi ṣílẹ̀kùn, ìyàwó."

"Kò há, Bàbá. Ẹ kàn fà á ni."

"Mo mọ̀ pé kò há. N ò fẹ́ kọ́wọ́ mi tún ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀."

Mo ṣí i fún un. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé, débi pé obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí sáré wá dì mí mú, ó ń bi mí pé ṣé ọmọ ti kú ni. Mo ní rárá, ọmọ wà láàyè, ara rẹ̀ á yá.