Ọjọ́ Tí A Mú Ẹnjiníà Ìjọba Rìn Dé Mushin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí ọkọ mi gbé mi dé gáréèjì ní Iléṣà. Ó tún bi mí bóyá ó pọn dandan kí tíṣà gbéra lọ sí Èkó torí àtirìn lẹ́bàá títì. Mo ní ó pọn dandan. Mọ́tò ti kọlu akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Bọ́lárìnwá, níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Láti ìgbà náà ni àwa olùkọ́ àtàwọn òbí ti ń kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n ṣe ibi tí àwọn ọmọ á máa gbà sọdá. Ẹnikẹ́ni kò dá wa lóhùn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé àwọn kan ní Èkó ti rí ẹnjiníà ìjọba mú jáde kó lè bá wọn rìn, mo ní mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí i.

A gba Ìbàdàn wọ Èkó. Ní Ọ̀jọ́ta, mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí Ìpọ̀nrí, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo bi í níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá.

"Wọ́n ń sáré ni, Àǹtí," ó ní. "Ẹni tí ò bá lè sáré, kó jókòó sílé."

Rìsíkátù, ọ̀kan lára àwọn tó ṣètò ìrìn náà, ló wá pàdé mi ní Ìpọ̀nrí. Ọmọ Mushin ni, télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ yíya àwòrán ọ̀nà ni òun ń ṣe. Ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà agánnyìn fún mi, ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí wọ́n wá da ata díndín dúdú lé lórí. Èmi tí iyán mọ́ lára, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ń mu ún ni Rìsíkátù ń ṣàlàyé. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà kan lójú nítòsí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mushin. Nínú àwòrán tí ìjọba yà, wọ́n ti gé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kù, wọ́n sì fi afárá alátẹ̀gùn sí ibi tí àwọn ọmọ á máa gbà sọdá. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn.

Àwa tí a jọ rìn kò pọ̀. Délé wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò tó ń lo àga onítáyà. Ẹ̀gbọ́n Múfù náà wà níbẹ̀, káfíńtà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Ẹnjiníà ìjọba fúnra rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, dé nínú jíìpù. Rìsíkátù ní kí dẹrẹ́bà rẹ̀ máa lọ dúró dè é ní Mushin.

A gba ọ̀nà Ojúẹlẹ́gbà. Ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ àti òkìtì yẹ̀pẹ̀ ti gbà á, ìdérí gọ́tà sì ti fọ́ káàkiri. Nílé, inú koríko là ń bọ́ sí bí mọ́tò bá ń bọ̀. Níbí, kò síbi téèyàn fẹ́ bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan la gbé Délé tàga-tàga kọjá ihò.

Nídìí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan, Délé dúró.

"Ọ̀gá, irú èyí lẹ fẹ́ kọ́ sí Mushin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Afárá ló ń dáàbò bo èèyàn jù."

"Ó dáa. Ẹ gbé mi gòkè."

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. Délé ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin olóyún kan ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di irin mú. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé bi í bóyá ojoojúmọ́ ló ń gba orí afárá.

"Rárá o. Ilẹ̀ ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀," ó ní. "Oyún yìí ni ò jẹ́ kí n lè sáré mọ́."

Ọ̀gá gbójú sókè, ó ń ka àtẹ̀gùn náà.

Ìgbà tí a dé Mushin, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jáde. Wọ́n tò sẹ́bàá títì bí ẹni fẹ́ sáré ìdíje. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ní òun á kàn dúró wò ó láti ibi tí a wà.

"Òdìkejì là ń lọ, sà," Rìsíkátù sọ, ó sì bọ́ síwájú.

Ẹ̀gbọ́n Múfù àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ wọn dábùú ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ sókè. Mọ́tò dúró. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá, àwa àtàwọn ọmọ. Àfi bí ọ̀kadà kan ṣe yọ láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó dorí kọ ọmọbìnrin kékeré kan. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé gbá báàgì ẹ̀yìn ọmọ náà mú, ó fà á sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ọ̀kadà kọjá, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ọmọ náà ò sunkún. Ó mú bàtà rẹ̀ tó bọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì sọdá lọ.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà á ni?" Ọ̀gá béèrè, eruku bo ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó ti mọ́ ọn lára, sà," mo dáhùn.

Ó tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ẹ̀gbọ́n Múfù fún òun ní ọ̀dà funfun tí wọ́n gbé dání láti fi sàmì sí àwọn ibi tó léwu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí etí títì, níbi tó yẹ kí ọkọ̀ ti máa dúró.

"N ò lè ṣèlérí ohun tí àwọn ọ̀gá mi máa sọ," ó ní. "Àmọ́ afárá yẹn ò ní sí nínú àwòrán tí màá gbé síwájú wọn. Ilẹ̀ làwọn ọmọ máa gbà."

"A máa tẹ̀ lé yín lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e síwájú wọn," Rìsíkátù sọ.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá."

Ọ̀dọ̀ Rìsíkátù ni mo sùn. Nígbà tí mo padà dé Iléṣà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ mi ń dúró dè mí ní gáréèjì. Ó béèrè ohun tí mo rí kọ́. Mo ní a ti kọ̀wé tó. Ó kù ká mú àwọn ẹnjiníà jáde síta. Mo ní kó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà kí a tó délé.

Akọ̀wé béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Mo ní n ò mú lẹ́tà wá, ọ̀gá wọn ni mo wá mú lọ síwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, torí àwọn ọmọ máa tó jáde. Ó ní ọ̀gá wà nípàdé.

Mo gbé báàgì mi kalẹ̀, mo fa àga, mo sì jókòó.