Ìyá Pàṣán àti Ọkọ̀ Orí Yìnyín

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá Pàṣán, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíláàsì karùn-ún láàárọ̀. Gbogbo ilé-ìwé á máa hó yaya, ṣùgbọ́n bí bàtà obìnrin yẹn bá ti kan ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó ga, kì í sì í ṣe pé ó sanra. Ìwé ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, pàṣán á wà ní ìkejì, ó sì dá a lójú pé àwọn méjèèjì ló jọ ń kọ́ ọmọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí ọmọ tó kọ́ tí kò mọ̀wé. Ìyẹn kì í ṣe àbùmọ́. Tíṣà gidi ni, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fo Ìyá Pàṣán kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fún ẹni tó kéré sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fún ẹni tó jẹ́ pé Ìyá Pàṣán fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó dùn ún wọ egungun. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, bí kò bá sì rí i gbà lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, pè é sí ọ́fíìsì, ó ní alábẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ipò ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyá Pàṣán fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí alábẹ̀wò máa bọ̀, bó bá sì lọ́rẹ̀ẹ́, kó mú un dání.

Ohun tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ẹ̀kọ́ eré ìje ajá tó ti ń kọ́ kíláàsì rẹ̀. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ilẹ̀ olótùútù, ẹ̀kọ́ tí àwọn tíṣà yòókù máa ń sáré kà kọjá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sùn. Ìyá Pàṣán wá rí àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà àtijọ́: àwọn ajá tí wọ́n so ní méjì-méjì mọ́ okùn gígùn, yìnyín funfun báláú títí dé òkèèrè, àti nǹkan kan lẹ́yìn wọn bí ọmọlanke tí kò ní táyà. Ibi tí ẹni tó ń darí wọn wà ti ya dànù. Ó bi àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n ní eré ìje ni, pé àwọn ajá náà á sáré ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, nínú òtútù burúkú, pé ibùdó wà lójú ọ̀nà tí dókítà ẹran á ti yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó bá sì ti rẹ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á fi í sílẹ̀ sí kó sinmi.

Èyí tó kù, ó fi làákàyè ara rẹ̀ dí i. Ó ní ọkùnrin náà máa ń jókòó sínú ọkọ̀ bí ọba, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan, á mú pàṣán gígùn dání, ajá tó bá sì ṣọ̀lẹ, á fi nà án. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí pàṣán, kí ni yóò mú ajá sáré?

Baálé rẹ̀, tó ń kun pátákó orúkọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, bá a ya gbogbo rẹ̀ gàdàgbà sórí pátákó: ajá mẹ́jọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n nínú ọkọ̀, pàṣán lókè. Baálé rẹ̀ rọra bi í bóyá ó dá a lójú pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá Pàṣán ní kó máa kun ọ̀dà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n dojú tábìlì kan dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, wọ́n so okùn mọ́ ọn, ọmọ mẹ́jọ á máa fà á yí pápá ká, ọmọ kan á jókòó sáàárín á máa pàṣẹ. Ilé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ibùdó. Ẹ̀ṣọ́ náà, bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn àwàdà, ló ń ṣe dókítà ẹran. Á wọ jígí rẹ̀, á máa gbé ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà fún wọn. Àwọn ọmọ ò tún pa ilé-ìwé jẹ mọ́. Àwọn tó ń ṣàìsàn gan-an ń wá.

Ọmọ kan wà nínú wọn, ọmọ ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kílódé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹgba tó ti jẹ nítorí ìbéèrè pọ̀ ju èyí tó jẹ nítorí ìṣirò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ àbẹ̀wò, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá ìkàwé ìlú, níbi tí ìyá rẹ̀ tún ti ń gbálẹ̀, ó sì rí ìwé kan nípa eré ìje ajá, tòun ti àwòrán. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló fa ojú yìí, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó yá ìwé náà, ó kó o sí báàgì, ó sì ń gbé e kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni yóò lọ bá Ìyá Pàṣán pé ó ṣìnà?

Ọjọ́bọ̀ pé. Alábẹ̀wò dé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí jígí rẹ̀ ò kúrò ní góńgó imú. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ṣí fáìlì lé itan, ìwé ètò iṣẹ́ tí Ìyá Pàṣán fọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ geere. Àwọn ọmọ dárúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń dì sínú ọkọ̀, wọ́n ṣírò kìlómítà, wọ́n ní ajá tó wà níwájú kọ́ ló máa ń lágbára jù, pé èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù ni. Alábẹ̀wò ń mi orí. Orí Ìyá Pàṣán wú. Ó na ọwọ́ sí pátákó tí baálé rẹ̀ kùn, ó bi wọ́n pé kí ló ń mú ajá sáré, gbogbo kíláàsì sì pariwo pé pàṣán.

Ọwọ́ kan ṣoṣo wà lókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Pàṣán ṣe bí ẹni tí kò rí i. Alábẹ̀wò rí i ní tirẹ̀, ó sì ní kí ọmọ yẹn sọ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Kílódé wí, "ẹni tó ń darí ajá kì í jókòó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń dúró sí. Bí wọ́n bá dé òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á bá wọn tì í. Kò sí pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, mà. Ẹni tó bá na ajá, wọ́n máa lé e kúrò nínú eré ìje. Ó wà nínú ìwé."

Ìyá Pàṣán ní kó gbé ìwé ọ̀hún wá. Wọ́n na ìwé náà sí i láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwòrán tòótọ́ nìyí, kò ya rárá: ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú, kò sì sí pàṣán. Ìyá Pàṣán ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì í, ká má purọ́. Inú sì bí i. Irọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà ní ṣẹpẹ́ lẹ́nu rẹ̀: pé eré ìje mìíràn nìyẹn, pé ìwé náà ti pẹ́, pé ọmọ náà kò ka ibi tó yẹ. Èyíkéyìí nínú wọn lè gbà á lọ́wọ́ alábẹ̀wò. Ó ní kí Kílódé jáde wá síwájú.

Ohun tó fẹ́ ṣe fún un, òun alára kò tíì mọ̀. Ọmọ náà ti mọ̀ ní tirẹ̀. Ó rìn wá, ó dúró níwájú tábìlì, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó di ojú, ó sì fún eyín pọ̀.

Kò sì ya ẹnì kankan lẹ́nu nínú àwọn ọmọ náà. Èyí gan-an ló já Ìyá Pàṣán láyà. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì jókòó, wọ́n ń dúró de ẹgba bí ẹni ń dúró de agogo ìsinmi. Nínú ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rán ìbọ̀sẹ̀ fún ajá kí yìnyín má baà gé e lẹ́sẹ̀. Ajá o! Ó tún wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Ó fi pàṣán sílẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì pa ìka rẹ̀ dé e.

"La ojú rẹ," ló wí. "Kọ ohun tí o kà sójú pátákó, kọ ọ́ gàdàgbà kó hàn dé ẹ̀yìn. Èmi ni mo ṣìnà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Kílódé kọ ọ́, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: ẹni tó bá na ajá rẹ̀, a ó lé e. Ìyá Pàṣán yíjú sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n fagi lé gbogbo ohun tí òun ní kí wọ́n kọ nípa pàṣán. Ohùn rẹ̀ ò já rárá. Àgbà tó bá ṣìnà tí kò fẹ́ padà, igbó ni yóò sùn, obìnrin yẹn kò sì ní in lọ́kàn láti sùn sígbó.

Ó wá ní kí wọ́n gbé tábìlì jáde, pé lónìí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sínú rẹ̀, òun ni yóò wà lẹ́yìn. Kílódé ló fi síwájú. Ó bọ́ bàtà, ó di ẹsẹ̀ tábìlì méjì mú, ó sì ní ó yá. Wọ́n sáré! Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, tábìlì há, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta fi èjìká tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, alábẹ̀wò ń sáré tẹ̀ lé wọn tòun ti fáìlì. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, ẹ̀ṣọ́ yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò tán, ó kan Ìyá Pàṣán, ó wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi arúgbó ajá yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun kó sinmi. Ìyá Pàṣán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, alábẹ̀wò dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tíṣà," ló wí, "nígbà tí ọmọ yẹn tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, kí ló rò pé ẹ fẹ́ ṣe?"

Ó lè sọ pé eré ọmọdé ni. Ó mọ̀ pé ipò tóun ti ń wá bọ̀ látọjọ́ yìí wà lórí ìdáhùn yìí. Ó gbé orí sókè.

"Ó rò pé mo fẹ́ nà án ni, sà. Mo ti nà án rí nítorí ìbéèrè tó kéré sí ìyẹn."

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú fáìlì, ó kí i, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ọ̀gá ilé-ìwé tó ránṣẹ́ pè é. Lẹ́tà ti dé. Wọ́n ti fi í ṣe igbákejì. Ọ̀gá na ìròyìn tí alábẹ̀wò kọ nípa rẹ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tó dára nípa olùkọ́, ó kọ ọ́ pé, "Kò dúró dìgbà tí mo bá lọ kó tó gbà pé òun ṣìnà." Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ àléébù, ó kọ ọ́ pé, "Ó pẹ́ kó tó mọ̀."

Ọ̀gá ní àyè wà fún olùkọ́ láti ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àléébù tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kúrò, pé òun lè bá a kọ lẹ́tà láti fi béèrè fún un lónìí. Ìyá Pàṣán tún un kà, ó sì ká a. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n bá yọ ọ́, kò ní sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣẹ àwọn ọmọ tó ti kọjá lọ́wọ́ òun.