Ọjọ́ Tí Ẹ̀fọ́ Mi Wọ Sùtánà

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ẹ̀fọ́ ní Houston.

Ọdún 1983 ni. Bísí ọmọ mi bímọ, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ń ké, ọyàn ò yó o, ìyá ọmọ ò jẹun! Ó ní ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ nìkan lòun fẹ́. Èyí tí mo gbìn sẹ́yìn ilé kí ó tó bímọ nìkan ló wà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ó ku ọ̀la kí n já a, ni ọkọ Bísí ní tẹlifíṣọ̀n sọ pé omi máa dì lóru, òtútù á pa gbogbo ewéko. Ó ní kí n fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì bò ó. Èwo? Ìwọ̀nba tó wà nílé, ọmọ ti tọ̀ sí i!

Aládùúrà ni wá, pálọ̀ Bísí sì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mo ń fọ sùtánà ìjọ. Ó funfun, ó gùn, ó nípọn. Kí ni mo tún ń wá? Mo ri igi mọ́lẹ̀, mo tẹ́ àwọn sùtánà sórí ẹ̀fọ́, mo na apá wọn, mo fi bíríkì tẹ etí wọn. Òjò winiwini sì rọ̀ sí i.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sunday, aládùúgbò wa, obìnrin òyìnbó kan, kanlẹ̀kùn. Ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ọbẹ̀ gbígbóná dání, omijé lójú. Ó ní kí ni àwọn ẹni Ọlọ́run tó wọ aṣọ funfun yìí ṣe tí a fi ní kí wọ́n sùn síta? Ó ti pe ọlọ́pàá!

Ọlọ́pàá dé. Ọkọ Bísí ń ṣàlàyé. Èmi kàn ní kí wọ́n má tẹ ẹ̀fọ́ mi ni. Ọlọ́pàá gbé sùtánà kan sókè. Yéè! Aṣọ ti dì gbagidi, ó dá dúró, apá méjèèjì nà gbọọrọ! Ọlọ́pàá fò sẹ́yìn.

Àsìkò yẹn gan-an ni wòlíì wa dé fún ìsìn.

"Ìyá Bísí, ta ló wà nínú aṣọ mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀fọ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ̀fọ́ kẹ̀?"

Kóòtù òtútù ni gbogbo wa wọ̀ jọ́sìn lọ́jọ́ náà. Àwọn sùtánà fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń yọ́.

Ṣọkọ̀ ńkọ́? Ó yè! Mo sè é, Bísí jẹ àwo méjì, ó tún fi ìka nu ìkòkò. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mu ọyàn yó, ó sùn fọnfọn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ bo ẹ̀fọ́ nílùú onílùú, ẹ sọ fún aládùúgbò. Kí ẹ tó sọ fún wòlíì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ kọ́kọ́ jinná ná. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi bo ẹ̀fọ́ yín rí? Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́.