Ìpín Jákọ́bù ní St. Albans

Ẹ jẹ́ kí n bínú sọ ọ̀rọ̀ Rìnsọ́lá, nítorí inú ṣì ń bí mi. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Queens. Ìyá Júù kan tó ń tọ́jú ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé márùn-ún Mósè, ìpín kan lọ́sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá kà á tán, màmá náà á bi í pé kí ni ìpín ọ̀sẹ̀ yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Rìnsọ́lá ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní St. Albans, àwa méje la sì ń kà á lọ́sàn-án Sátidé. Nígbà tó yá, Doyin ọ̀rẹ́ ẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí ó mọ̀ ọ́n sọ.

Doyin nìkan ló mọ àṣírí ẹ̀. Nígbà tí ìyá Rìnsọ́lá ń ṣàìsàn l'Ábẹ́òkúta, Rìnsọ́lá ò ní pépà ìgbélùú. Tó bá jáde nílùú òyìnbó yìí, kò ní lè wọlé mọ́. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá purọ́ fún wọn nílé pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun. Ìyá náà kú. Olúsànmí, àbúrò ẹ̀ kan ṣoṣo, wá dé sọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀rù sì ń ba Rìnsọ́lá kí ó má lọ gbọ́.

Sátidé tó kọjá, Rìnsọ́lá fúnra ẹ̀ ló mú un wá síbi tí a ti ń kàwé. A ka ibi tí Jákọ́bù ti fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, tó tan bàbá ẹ̀ jẹ. Doyin ní òun á fún wa ní àpẹẹrẹ. Ó ní obìnrin kan wà ní Queens yìí tó purọ́ pé wọ́n fẹ́ la inú òun, kó má bàa lọ wo ìyá ẹ̀ tó ń kú lọ l'Ábẹ́òkúta. Rìnsọ́lá pa Bíbélì ẹ̀ dé, Doyin ò sì dákẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ pọ́nńbélé!

Olúsànmí dìde, ó bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lóòótọ́. Rìnsọ́lá ní rárá. Doyin sáré ní òun ò kúkú dárúkọ ẹnì kankan.

Olúsànmí ní, "Àǹtí mi, dókítà ní kí Màámi máa jẹun. Màámi ní àwọn ò ní fẹnu kan nǹkan títí ẹ máa fi jáde nínú iṣẹ́ abẹ. Inú ààwẹ̀ yẹn ni wọ́n kú sí. Mi ò sọ fún yín, kó má bàa dùn yín."