Ẹ̀rọ Géèmù Inú Gáréèjì Ará Rọ́ṣíà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní South Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, bàbá arúgbó kan ará Rọ́ṣíà ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Uncle ni mo máa ń pè é. Ẹ̀rọ géèmù kan wà nínú gáréèjì rẹ̀ tó ga tó àgbàlagbà ọkùnrin. Fóònù ti wà nígbà náà o, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ni ọkàn mi ń fà sí. Èèyàn á fi ojú sí ihò kan bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, á wá rí òkun àti ọkọ̀ ogun tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré á sáré gba inú omi lọ. Bó bá ba ọkọ̀ ogun náà, gbogbo ojú òkun á pọ́n.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà ni Uncle ti bá wọn ṣe irú ẹ̀rọ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọ̀gá òun ló fi orí ara rẹ̀ rò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa géèmù àtijọ́ wá wò ó láti Woolwich. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan ti ṣe irú èyí ṣáájú yín. Ó jọ pé ẹ wò ó ṣe ni.”

Uncle sin ọkùnrin náà dé títì, ó padà wọlé, ó mú òòlù. Mo rò pé ó fẹ́ tún nǹkan ṣe ni, àfi ìgbà tó gbé e sókè. Mo sáré fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kúrò níbẹ̀.”

Òòlù ò wálẹ̀, èmi náà ò kúrò.

Daddy mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì, ń tibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó sì yà wọlé. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Uncle sọ èdè Rọ́ṣíà, nítorí ibẹ̀ ló ti kàwé kí ó tó fẹ́ Mummy. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Òòlù ni mò ń wò, títí ó fi rọra wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Uncle. Uncle jókòó sórí àpótí, ó sì fọwọ́ bojú.

Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mo bi Daddy ohun tí wọ́n sọ.

“Mo ní nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílùú wọn, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń bi mí níbi tí mo ti wá. Irú ẹ̀rọ yẹn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sinimá nìkan ni kò bi mí. Èmi náà ò sì bi í níbi tó ti wá.”

Uncle ti kú, wọ́n sì ti wó ilé yẹn. Lóde òní, géèmù ń ti ìlú gbogbo bọ́ sínú fóònù yín, ẹnikẹ́ni ò bèèrè orírun rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí ni wọ́n ṣì ń bi níbi tí ẹ ti wá.