Ìṣẹ́tí Kéèpù Ìyá Paulo

"Ẹ dí gbogbo rẹ̀, Miss Bunmi. Mi ò fẹ́ rí ihò kankan lára rẹ̀ mọ́."

Ohun tí Paulo sọ nìyẹn láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, nígbà tó gbé àpò aṣọ lé orí káńtà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wa ní Smyrna, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Láti Snellville ló ti wakọ̀ wá, gbogbo ìbínú ojú ọ̀nà sì ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní kéèpù màmá òun ló wà nínú àpò náà, aṣọ dúdú gígùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́túgà máa ń dà bo èjìká. Marta, ọmọ òun, ń lọ sí yunifásítì kan náà tí ìyá àgbà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni bàálù rẹ̀ máa gbéra. Paulo ti rọra yọ kéèpù náà nínú àpótí màmá rẹ̀, ó fẹ́ yọ ọ́ síta lójijì níbi oúnjẹ ìdágbére lálẹ́ Sátidé, kó máa dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Mo bi í pé ìlú wo ni yunifásítì náà wà.

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ìlú kékeré kan ni lára òkè. Covilhã."

Uncle Làmídì, tó ni ṣọ́ọ̀bù, gbójú sókè lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ẹ ti dárúkọ rẹ̀ báyìí. Kò sẹ́ni tó máa sinmi ní ṣọ́ọ̀bù yìí lónìí."

Uncle ò parọ́. Kí n tó mọ iṣẹ́ yìí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, láti shift kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́jọ́ kan mo ra kóòtù ọkùnrin kan nílé ìtajà àlòkù ní Stockbridge. Mi ò rí aṣọ tó rọ̀ tó sì lágbára bẹ́ẹ̀ rí. Lábẹ́ àpò inú rẹ̀, wọ́n hun orúkọ ìlú kan sí tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ kékeré: Covilhã. Mo yọ fóònù, mo wá a, mi ò sì tíì ṣíwọ́ wíwá a títí dòní. Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà mo mọ ìlú tí òkè gbà mọ́ra. Ti Covilhã yìí, ńṣe ni àwọn ilé dúró lórí èjìká ara wọn lára òkè Estrela. Odò kéékèèké méjì ló ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Carpinteira àti Goldra. Láyé àtijọ́, omi wọn ló ń fọ irun àgùntàn, òun náà ló ń yí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, yunifásítì sì wọ inú díẹ̀ lára wọn. Títí dòní, lábẹ́ òrùlé kan níbẹ̀, àwọn kòtò olókùúta róbótó tí wọ́n fi ń pa irun àgùntàn láró ṣì wà fún gbogbo ojú láti rí. Mi ò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ju mí sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní ṣìnà.

"Bùnmi," Uncle bi mí nígbà kan, "ṣé o ti ní ọkọ níbẹ̀ ni?"

"Àgùntàn ni mo ní níbẹ̀, Uncle."

Uncle ló kọ́ mi ní aránṣọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo wá mọ̀ jù, fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Kò-sápàá la ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Tí aṣọ bá lu, ẹ ò ní lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹ ò sì ní fi òwú fà á pọ̀. Ẹ óò fa òwú yọ níbi tó fara sin lára aṣọ náà gan-an, ẹ óò wá fi abẹ́rẹ́ hun ún padà sójú ihò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹni tó hun ún níjọ́ àkọ́kọ́ ṣe hun ún. Kóòtù àlòkù ni mo fi kọ́ ọ. Mo máa ń tú wọn palẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí n lè mọ ọ̀nà tí òwú kọ̀ọ̀kan ń gbà. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé fún Uncle, mo yọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó gbé e sójú iná, ó wò ó, ó ní, "Òjò inú aṣọ yìí ń fẹ́ lọ sí apá ọ̀tún. Kí ló dé tí tìrẹ ń fẹ́ lọ sí apá òsì?" Ìlà tó dagun lára aṣọ onírun ló ń wí. Ihò náà ti dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo hun ún sódì. Mo tú u, mo tún un hun. Uncle wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ dòní: "Iṣẹ́ tiwa yìí, tí wọ́n bá lè rí i, a ò ṣe é nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ́ kéèpù Ìyá Paulo sórí tábìlì. Ó wúwo bí ọmọ tó ń sùn. Òólá, kòkòrò tó ń jẹ aṣọ onírun, ti jẹ èjìká rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ihò tirẹ̀ máa ń rí róbótó ni, etí rẹ̀ á sì rí jákujàku. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìṣẹ́tí, nǹkan yí padà. Ojú yíya gígùn-gígùn wà níbẹ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, tí wọ́n gba ọ̀nà òwú tó dúró lọ sókè gbọọrọ, tí kò sì sí èyí tó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìṣó kì í ya aṣọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í ya á bẹ́ẹ̀. Láàárín ẹ̀yìn, ọ̀kan wà tí ẹnì kan ti fi òwú pupa rán pọ̀, tó rán an bí ẹni tínú ń bí.

"Uncle, ẹ wá wo nǹkan. Èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ ya èyí."

"Kí ni Paulo wí?"

"Ó ní ká dí gbogbo rẹ̀."

"Dí gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Aṣọ rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni."

"Tó bá wá jẹ́ pé ó nídìí ńkọ́?"

"Bùnmi, ihò kì í nídìí. Ohun tó bá nídìí, kì í lu." Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ojú yíya wọ̀nyẹn. Tí mo bá dí wọn, mo mọ̀ pé mo lè dí wọn débi tí ìyá tó bí wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Òun gan-an lẹ̀rù tó ń bà mí. Kò-sápàá kì í ní àtúntú. Mo gbójú sókè, mo sì rí Uncle bó ṣe tẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Uncle. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Uncle, kí ni nọ́ọ̀sì yẹn bi yín lọ́jọ́ tí ẹ lọ fún appointment ojú yín?"

"Èwo? Ọmọdébìnrin yẹn? Ó bi mí pé ta ló fi ọ̀bẹ ṣá mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá." Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ká ní ó ní òun mọ dókítà tó lè dí i fún yín ńkọ́, tí kò ní sápàá?"

Uncle gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan náà tọ́ka sí fóònù.

"Pe Paulo."

Inú Paulo ò dùn sí ìpè náà. Ó ní tí òun bá bi màmá òun, àdììtú òun ti tú nìyẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Paulo, àdììtú tó tú sàn ju aṣọ tí kò ṣeé tú." Ó kùn díẹ̀, ó sì so màmá rẹ̀ mọ́ ìpè náà. Mo ti ń pè é ní Ìyá Paulo láti ìgbà náà, inú òun náà sì dùn sí i. Bí ó ti gbọ́ pé kéèpù òun wà lọ́wọ́ aránṣọ, ńṣe ló figbe ta.

"Paulo! Ta ló ní kí o wọnú àpótí mi? Ìyáàfin, ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀!"

"Mo ti gbé e sílẹ̀, mà. Mi ò tíì rán nǹkan kan."

Ó mí. Ó wá ṣàlàyé. Ní Covilhã, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń parí ẹ̀kọ́, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ya ìṣẹ́tí kéèpù rẹ̀. Apá òsì ni ti ẹbí, apá ọ̀tún ni ti ọ̀rẹ́, àárín ẹ̀yìn ni ti olólùfẹ́. Wọn kì í lo àlùmọ́gàjí. Eyín ni wọ́n fi ń ṣí i, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. Tí ìfẹ́ bá tán, wọ́n á rán ti ẹ̀yìn pa.

"Màmá," Paulo ní, "ta ni ti ẹ̀yìn?"

"Kì í ṣe bàbá rẹ."

Uncle Làmídì, tó ti sún mọ́ fóònù láìsí ẹni tó pè é, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ìyá Paulo ní, "Èyí tó ṣíwájú ní apá òsì, ìyá mi ló ya á. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ti ṣiṣẹ́. Òun àtàwọn obìnrin mìíràn máa ń jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ tún ibi tí ẹ̀rọ ti fo òwú ṣe." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìyáàfin, ihò òólá yẹn, ẹ má dara yín láàmù. Mo ti gbé kéèpù náà fún ẹni méjì rí. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Irú ìyá mi ló lè ṣe é, wọ́n sì ti lọ."

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka ìlú yẹn nínú fóònù, iṣẹ́ mi gan-an ni àwọn obìnrin yẹn ń ṣe lójú fèrèsé wọn! Mo ní, "Mà, ẹ fún mi títí di Sátidé. Kí ó lè lọ pẹ̀lú Marta."

Ọjọ́ kejì ni mo rí ohun tó lé àwọn ẹni méjì yẹn sá. Mo ṣí abẹ́ kọ́là, níbi tí a ti sábà máa ń fa òwú. Òwú ibẹ̀ dúdú kirikiri, nítorí pé oòrùn ò kàn án rí. Èjìká kéèpù ní tirẹ̀ ti ṣá, dúdú rẹ̀ ti ń wọ àwọ̀ ilẹ̀. Tí mo bá fi òwú kọ́là dí èjìká, á hàn bí tàdáwà tó ta sí i. Mo wá gbogbo ara aṣọ náà kiri. Ibì kan ṣoṣo ni òwú tó ti rí oòrùn tí kò sì ṣiṣẹ́ kankan wà: etí ojú yíya wọ̀nyẹn àti ìsàlẹ̀ ìṣẹ́tí, tí òwú ti ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Òwú tó dúró wà létí ojú yíya, òwú tó dábùú wà nísàlẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn wà létí èyí tí ìyá Ìyá Paulo ya.

Mo pè é. Mo ní, "Mà, mo fẹ́ mú òwú létí ti ìyá yín. Ojú yíya náà kò ní kúrú, kò sì ní fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú un láìbi yín."

Ó ní kí n tún ibi tí òwú náà wà sọ, mo sì tún un sọ.

"Ẹ mú un," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti jókòó láìríṣẹ́ ṣe."

Mo ṣe iṣẹ́ náà bí mi ò ṣe ṣe òmíràn rí. Lójú fèrèsé ni mo jókòó, bíi tiwọn. Uncle gba gbogbo kọ́sítọ́mà, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ó wà ní Pọ́túgà." Òwú náà mọ ilé rẹ̀. Ìlà dídagun kọ̀ọ̀kan bá ẹnìkejì rẹ̀, òjò gbogbo ń fẹ́ lọ síbì kan náà. Nígbà tí mo fi ooru díẹ̀ sí i tí mo sì fi ọwọ́ pa á, Uncle fi ojú wá a, ó fi ọwọ́ wá a, ó ní, "Bùnmi, kí lo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Mi ò rí nǹkan kan."

Ní Sátidé, Ìyá Paulo fúnra rẹ̀ ló wá gbé e, pẹ̀lú Paulo àti Marta. Obìnrin kúkúrú ni, onírun funfun. Yíyẹ àléébù aṣọ wò ló fi jẹun nílùú rẹ̀, òun náà ló ṣe nílé-iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lókè Georgia níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò kí wa tán tó fi gbé kéèpù náà sójú fèrèsé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó yí i, ó fi èékánná wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Níkẹyìn ó fi ìka tẹ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn.

"Mo ti rí ọ̀kan."

"Rárá, mà," mo ní. "Ibẹ̀ kò lu rí."

Ó wò mí. Ó wo aṣọ. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀ nígbà kan náà. Ó dà á bo èjìká Marta, ó gùn dé ojúgun rẹ̀. Uncle pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Ìyá Paulo ká ìṣẹ́tí apá òsì sókè, ó nà án sí mi.

"Ẹ ya á."

"Èmi kẹ̀? Mà, dídí ni mò ń dí o."

"Ìyá mi náà ń dí i. Òun ló kọ́kọ́ ya á."

"Màmá," Marta ní, "ṣebí ó di ìgbà tí mo bá parí?"

"Ẹ̀yin ọmọ ibí yìí kì í ní sùúrù fún nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣùgbọ́n apá òsì, mà," mo ní. "Ti ẹbí lẹ pè é."

"Mo mọ apá tí mo nà sí yín."

Uncle gbá mi lẹ́yìn. "Bùnmi, ó ti dé ọwọ́ rẹ. Bu aṣọ jẹ!"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá ọ̀nà òwú tó dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ ya. Mo fi eyín ṣí i, mo fọwọ́ méjèèjì mú un, mo fà á. Ó dún fàà, ó gbọọrọ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Marta hó yèè, Paulo ń nu ojú, ó ní ata ló kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ata ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ.

Lẹ́yìn tí Marta dé Covilhã, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó dúró lórí afárá tó ga lókè odò Carpinteira, ilé gun ilé lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn òkè sì ń fẹ́ kéèpù náà lẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ di ńlá lójú fóònù. Èjìká rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọwọ́ mi dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́tí apá òsì, ojú yíya méjì, ti ìyá Ìyá Paulo àti tèmi, là sílẹ̀ kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo pe Uncle. Ó wọ awò rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Mo rí iṣẹ́ rẹ," ó ní.

"Ẹ ṣeun, Uncle," mo ní. "Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí."