Bí Ìyá Lẹ́tà Ṣe Kọ́ Látìn

Iṣẹ́ òkúta ibojì ni Ìyá Lẹ́tà ń ṣe. Ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, nígbà tí baba sì kú, gbogbo ṣísẹ̀lì rẹ̀, òòlù onígi méjì àti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbàtà bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Lẹ́tà. Bí àlejò bá bi í pé kí ló fa irú orúkọ bẹ́ẹ̀, á ní, "Èmi ni mò ń kọ lẹ́tà tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ò ní kà láéláé." Á wá bú sẹ́rìn-ín, eruku funfun á sì máa gbọ̀n sílẹ̀ lára gèlè rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Opó ni. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó jẹ́ aránṣọ, ni wọ́n jọ ń gbé. Ní ti iṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú rẹ̀: bí ó bá gbẹ́ O, ẹyin adìẹ ò rí róbótó tó o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Látìn kan wà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn láti máa fi sí ìsàlẹ̀ òkúta: REQUIESCAT IN PACE. Inú ìwé àkọsílẹ̀ baba rẹ̀ ló ti ń dà á kọ, bí aránṣọ ṣe ń gé aṣọ tẹ̀ lé bébà. Pé ó jọ mọ́ "sùn-un re o" ni gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá àgbàlagbà kan fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wọlé. Tíṣà Àgbà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Látìn kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà kú láàárín ọdún kan náà, àwọn ọmọ wọn sì ní kí Ìyá Lẹ́tà gbẹ́ òkúta kan fún àwọn méjèèjì. Ó ti parí rẹ̀, ó ti fi kanrinkan nù ún, ó gbé e ti ògiri. Tíṣà Àgbà fi awò sójú, ó ka orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ka ti ìyàwó, ó ka ìsàlẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "èwo nínú wọn ni kò gbọdọ̀ sinmi?"

Ìyá Lẹ́tà rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. "Mà?"

"Ẹni méjì ló wà lábẹ́ òkúta yìí. Ohun tí o kọ síbí ni pé kí ó sinmi. Ẹnì kan ṣoṣo. Ṣé ọkọ ni àbí ìyàwó?"

Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí Ìyá Lẹ́tà lẹ́yìn. "Mà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé baba mi nìyẹn."

"Baba ẹ ò jẹ̀bi. Fún ẹnì kan, ó tọ́. Fún ẹni méjì, lẹ́tà kan kù: N, láàárín A àti T." Nígbà tó rí i pé ojú obìnrin náà ti yí pa dà, ó rọ ohùn. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ó di oṣù mẹ́ta sí i káwọn ọmọ tó wá gbé e."

Òkúta nìkan kọ́ ló dun Ìyá Lẹ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ kọ́ mi."

"Látìn? Kí lo fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ orí ẹ yìí?"

"Kí n lè mọ ohun tí mò ń sọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nídìí tábìlì kan tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá olódòdó lé nínú pálọ̀ Tíṣà Àgbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà ní, "Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé. Mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn. Ìfẹ́ ti kọjá lọ́dọ̀ tèmi, ti ìwọ náà ò sì ṣe kedere. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi í ro imú. Iṣẹ́ ẹ la máa lò."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: sculpo, mò ń gbẹ́, sculpis, ò ń gbẹ́, sculpit, ó ń gbẹ́, sculpimus, à ń gbẹ́, sculpitis, ẹ̀ ń gbẹ́, sculpunt, wọ́n ń gbẹ́.

Ìyá Lẹ́tà wo ìwé náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Mà, èmi náà dà? Mo rí 'gbẹ́' níbẹ̀, mi ò rí 'mo'."

"Ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Bí o bá dúró síwájú, o ò ní rí i. Yí lọ sẹ́yìn. Lẹ́tà O yẹn ni ìwọ."

"Tiwa dáa jù o. Tiwa, ẹni yòówù kó gbẹ́ ẹ, 'gbẹ́' ni 'gbẹ́' ń jẹ́."

"Tiwa dáa. Tiwọn náà dáa. Tún un kà."

Ohun tó kọ́kọ́ dà á láàmú ni ọ̀wọ̀. Tíṣà ní kó sọ "bàbá mi ń gbẹ́", ó bá ní sculpunt, nítorí kò sí bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa pe baba tó bí i ní "ó". Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Látìn ò mọ àgbà o! Ọba ni, ọmọ ọwọ́ ni, bó bá ti jẹ́ ẹnì kan, sculpit ni."

"Èdè aláìlẹ́kọ̀ọ́," ni Ìyá Lẹ́tà sọ, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ń fi òòlù kà á lẹ́nu iṣẹ́. Òòlù kan, sculpo. Òòlù kejì, sculpis. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Màmá, kí ni òkúta yìí ṣe tí ẹ̀ ń bú u?"

"Mi ò bú u. Mò ń sọ fún un ẹni tí mo jẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n dé ibi tó le. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: requiescit, requiescat. "Àkọ́kọ́, ó ń sinmi. Èkejì, kí ó sinmi. Ibi tí àwa ti ní 'kí', lẹ́tà i ni wọ́n sọ di a."

Ìyá Lẹ́tà fi ìka tẹ lẹ́tà náà. "Ìyẹn ni pé èyí jẹ́ ìròyìn, èyí jẹ́ àdúrà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Mà, àdúrà ni mo ti ń gbẹ́ látọjọ́ yìí?"

"Àdúrà ni."

Ìyá Lẹ́tà ka iye òkúta tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lọ́kàn ara rẹ̀, kò lè kà á tán, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lọ́nà kan tí kò lè ṣàlàyé. Tíṣà bu tíì fún un láìbéèrè.

Nígbà tó pa dà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó jókòó síwájú òkúta ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Ó ti múra tán láti gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo A àti T, ó rí i pé òpó tó wà nínàró lára T lè di ẹsẹ̀ ọ̀tún N. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ òsì kan kún un, tí òun sì fa ìlà kan dábùú, N àti T á máa jẹ òpó kan náà. Ó fi pẹ́ńsù yà á, ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí Tíṣà Àgbà rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló kọ́ ẹ lẹ́yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Bẹ́ẹ̀ làwọn agbẹ́kùúta ayé àtijọ́ máa ń so wọ́n pọ̀ bí àyè ò bá gbà wọ́n! Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Àmọ́ ọkàn Ìyá Lẹ́tà ti wà lára àwọn òkúta tó kù. Ó lọ bá olùṣọ́ itẹ́ òkú, wọ́n jọ rìn láti ìlà dé ìlà. Òkúta méje ni wọ́n rí tí tọkọtìyàwó wà lábẹ́ rẹ̀ tí àdúrà ẹnì kan wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Lẹ́tà ni mẹ́rin. Ọwọ́ baba rẹ̀ ni mẹ́ta. "Kò sẹ́ni tó ti ìsàlẹ̀ wá fẹjọ́ sùn mí," ni olùṣọ́ wí. Síbẹ̀, Ìyá Lẹ́tà lọ láti ilé dé ilé, ó ṣàlàyé àṣìṣe náà fáwọn ẹbí, ó sì tọrọ àyè láti tún un ṣe. Mẹ́fà gbà. Ẹni keje, onígbàjámọ̀ kan, gbé abẹ dúró lórí oníbàárà rẹ̀, ó ronú.

"Ìyá, ẹ fi tàwọn òbí mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ayé wọn, wọn ò fẹnu kò lórí nǹkan kan rí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sinmi ná, ká tó máa sọ tèkejì."

Àwọn tí Ìyá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ gbẹ́ ò gbà á lásìkò. Ti baba rẹ̀ ló dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ síwájú àkọ́kọ́ nínú wọn, ó ti ọmọńdinrín ìka bọ inú T náà. Baba máa ń gbẹ́ jìn ju tirẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi òòlù kékeré kan parí ìsàlẹ̀ òpó, bí ẹni fi àmì ìdánudúró sí gbólóhùn. Ṣé ó tọ́ kí ọmọ máa tún ọ̀rọ̀ ẹnu baba ṣe? Ó jókòó síbẹ̀ títí òjìji igi fi yí kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ṣísẹ̀lì, ó sì gbẹ́ ẹ jìn bíi ti baba. Ó fọ eruku rẹ̀ dànù. N tirẹ̀ àti T baba fara ti ara wọn, kò sì sí àjèjì tó lè mọ ibi tí ọwọ́ kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. "Sculpimus," ó wí jẹ́jẹ́. À ń gbẹ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, Tíṣà Àgbà ní òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ òkúta tòun fúnra òun. Ó ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́: DOCUI.

Ìyá Lẹ́tà wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. "Mo kọ́ni," ó ní. "Èmi ni, mo sì ti parí."

"O ṣeun. Gbẹ́ ẹ fún mi."

"Mi ò lè gbẹ́ ẹ, Mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ò tíì parí. Ẹ ò tíì kọ́ mi ní ti ọ̀la. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe nǹkan tí kò tíì ṣe é, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò sì ní gbẹ́ irọ́ sórí òkúta."

Tíṣà Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó mi orí, ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì ṣí ìwé náà síbi tí wọn ò tíì dé rí.